Bí a ṣe ń di ẹrù àgọ́ sórí alùpùpù kí a tó gbéra l'Ékòó

Ọjọ́ kìíní tí mo di ẹrù àgọ́ sórí alùpùpù mi ní Ògùdù, mi ò tíì dé Ìbafo tí etí okùn tí mo fi dè é fi kó sínú ṣéènì. Ọlọ́run ló yọ mí, mo rọra ya alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀bẹ ni mo fi gé okùn náà jáde. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí a ṣe ń fi alùpùpù rin ọ̀nà jíjìn lọ pàgọ́ sùn, ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù.

Ká fi Erin-Ìjẹ̀ṣà ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ lára òkè ní ìpele méje. Ó lé ní kìlómítà 200 sí Èkó. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn láti lọ: òjò ti ń dá, omi ṣì pọ̀ lójú àpáta, ọyẹ́ kò sì tíì le.

Ìwé ló ṣáájú. Lábẹ́ òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó, alùpùpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò tó 200cc kò láṣẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba sì ti lé ọ̀kadà kúrò ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Apápá àti àwọn ibòmíràn, wọn a máa dá ẹni tó gun alùpùpù dúró, ì báà jẹ́ ti ara ẹni. Ẹ kó ìwé ọkọ̀, insọ́ránsì àti láísẹ́ǹsì sínú ọ̀rá kan tí omi kò lè wọ̀. Láísẹ́ǹsì náà gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà A, torí òun ni ti alùpùpù. Èyí tí ẹ fi ń wa mọ́tò kò tó.

Ẹ gbé alùpùpù lọ bá mẹkáníìkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ẹ ní láti gùn ún wò láàárín ìlú ná. Kó pààrọ̀ ọ́ìlì, kó wo bíréèkì àti púlọ́ọ̀gì. Ṣéènì ni kí ẹ mọ̀ fúnra yín. Ẹ fi ìka tì í sókè sódò ní àárín: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, ó yẹ kó fì tó mìlímítà 25 sí 35. Bó bá le jù, á jẹ bíárìn. Bó bá dẹ̀ jù, á fò kúrò lójú eyín rẹ̀. Ẹrù máa ń tẹ ẹ̀yìn alùpùpù wálẹ̀, ìyẹn á sì yí bí ṣéènì ṣe le padà, nítorí náà ẹ tún un wò lẹ́yìn tí ẹ bá di ẹrù tán. Ẹ mú tíúbù kan dání, pẹ̀lú irin tí a fi ń tú táyà àti póńpù ọwọ́.

Ti epo: ẹ kún tán-án-kì, ẹ rin kìlómítà 120, kí ẹ tún un kún. Bó bá gba lítà 4, kìlómítà 30 ni lítà kan ń gbé yín, ẹrù á sì bu díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó wá kan ẹrù. Ẹ to gbogbo ohun tí ọkàn yín fẹ́ gbé sórí ibùsùn, kí ẹ wò ó dáadáa. Àgọ́, tàpólì tí a ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹní, aṣọ ìbora, aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì, oògùn, sítóòfù gáàsì kékeré, ìkòkò kan, omi lítà 3 ó kéré tán. Àga, ìrọ̀rí àti ìkòkò kejì, ẹ dá wọn padà sílé. Gàrí, ẹ̀pà àti ṣúgà kò wúwo, wọn kò sì béèrè iná.

Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó sì súnmọ́ ara yín. Omi àti irinṣẹ́ ń lọ sínú àpò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi ọwọ́ gbé àpò kọ̀ọ̀kan wò títí ìwúwo wọn á fi dọ́gba. Àgọ́ àti ẹní ló ń gun ẹ̀yìn ìjókòó, ní ìbú. Bí ẹrù wúwo bá wà lókè lẹ́yìn, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ alùpùpù á sì máa gbọ̀n nígbà tí tírélà bá sáré kọjá lára yín.

Okùn rọ́bà tó ní ìkọ́ kò tó ohun tí a ń fọkàn tán: ó ń nà, ìkọ́ rẹ̀ sì ń yọ. Bẹ́líìtì méjì tí a lè fà le ni kí ẹ lò. Etí tó bá ṣẹ́kù, ẹ ká a, kí ẹ fi rọ́bà dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Òun ló kó sínú ṣéènì mi. Ẹ má jẹ́ kí àpò kankan fara kan sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹrù mú, kí ẹ mì í tagbára-tagbára. Bí alùpùpù bá mì pẹ̀lú rẹ̀, ó ti dè. Bí ẹrù bá ń mì lọ́tọ̀, ẹ tú u, kí ẹ tún un dì.

Ẹ pàgọ́ sínú ọgbà ilé yín lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ sùn mọ́jú. Ìgbà tí èmi ṣe é ni mo tó mọ̀ pé nẹ́ẹ̀tì àgọ́ mi ti ya. Ẹ sì wá ibi tí ẹ ó sùn kí ẹ tó kúrò nílé: ọgbà tó ní ẹ̀ṣọ́, tàbí ibi tí baálẹ̀ bá yọ̀ǹda fún yín. Ẹ má sùn sínú igbó tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì gùn lálẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ti dé.

Aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń jáde. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ní Jímọ̀, kó má jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ìsìn Ìjọ Ìràpadà máa ń mú kí ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ dé akoto, ẹ so ó lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ kọ 122, nọ́ḿbà FRSC, sínú ìwé pélébé pẹ̀lú nọ́ḿbà ẹni kan nílé. Bàbá mi a máa gbàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo máa ń ṣe àmín, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ wo ṣéènì.

Láti Òjọ́tà dé Berger, ẹ rọra. Ní Kárà, ẹ ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹran tó ń yà wọlé yà jáde. Ẹ má kọjá Mowé láìdúró: ẹ yà sílé epo, ẹ fọwọ́ kan gbogbo bẹ́líìtì, torí ìgbà tí ẹrù bá kọ́kọ́ jókòó ni okùn máa ń dẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní Ìbàdàn, ẹ yà sọ́nà Ifẹ̀ ní Ìwó Róòdù. Bí ẹ bá ti kọjá Aṣéjirè, ẹ ó dé Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ ra díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ mu omi. Kí ẹ tó gbéra, ẹ tún mi ẹrù yẹn wò.