Bí ẹ ṣe lè fi kẹ̀kẹ́ najú jẹ́jẹ́ lọ sápá odò Àsà n'Ílọrin

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sápá dáàmù Àsà, ẹ má fi ṣeré ìje o, ìgbádùn ẹ̀ ni kéèyàn máa wòran, kó máa kí èèyàn lọ́nà. Ẹ tètè jáde láàárọ̀ kùtù kí ọ̀kadà tó kún títì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ kẹ̀kẹ́ wò. Iye atẹ́gùn tí taya ń gbà, ara taya náà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ fi han fọkanáísà. Tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà délẹ̀, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, torí ìjókòó tó bá lọlẹ̀ jù, orúnkún ló máa ń dùn. Bíréèkì, ẹ máa tẹ méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tiwájú nìkan lójijì lè gbé yín ṣánlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló ká mi lára jù. Lásìkò ọyẹ́, apá àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, dáàmù sì wà lápá gúúsù ìlú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn yín ló máa ti tì yín lọ, ẹ ó rò pé agbára yín ni, àbọ̀ ló máa wá le, torí náà ẹ má lo gbogbo okun yín tán ní àlọ, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan bo imú torí eruku.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ gbà o. Ẹ gbé omi dání. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà, ẹ dúró ra, èyí tó ṣì gbóná, tó ń kán omi, ló dùn jù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má da ọ̀rá tàbí ìdọ̀tí kankan sódò, omi ẹ̀rọ ìlú la ń rí níbẹ̀.