Ẹ Má Ṣètò Èrò Ọkọ̀ Ojú Omi Bí Ẹni Ń Ka Ẹrù

Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi wá sílé ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún Ọlọ́jọ́, ó tẹ́ ètò tó yà sílẹ̀ níwájú mi: bí èrò yóò ṣe jáde bí ọkọ̀ bá fẹ́ rì. Ọfà pupa kún inú ìwé náà. Aago dún, ọfà gbéra, ó parí.

Irọ́ ni. Èéfín jẹnẹrétọ̀ bò wá rí ní gbọ̀ngàn ìnáwó kan nílùú yìí. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀, àmọ́ èyí tí a gbà wọlé ni gbogbo wa rọ́ lọ bá. Màmá kan ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yí padà, ó ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ há síbẹ̀. IMO, àjọ tó ń ṣòfin ìrìnnà ojú omi lágbàáyé, mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú ìṣirò wọn, ìṣẹ́jú 5 ló ń kọjá lọ́sàn-án, 10 lóru, kí èrò tó gbéra rárá. Ẹ má yọ ìṣẹ́jú yẹn torí kí ìwé lè dùn ún wò.

Ẹ má sì ka ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà apá méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé gbogbo wọn ló máa ṣeé lò. Bí ọkọ̀ ńlá bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ti apá òkè á máa ha ara rẹ̀ lọ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bó bá tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdádúró fi burú. Costa Concordia forí sọ àpáta ní Ítálì, oṣù Kìíní 2012. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí èrò sọ̀kalẹ̀. Èèyàn 32 kú. Àwọn èrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ ni, wọn ò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Láti 2015, òfin ní kó wáyé kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí bó bá ṣe ń gbéra gẹ́lẹ́.

Ní Kòríà Gúúsù, 2014, ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ọkọ̀ Sewol tó ń rì ló ń sọ fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má kúrò níbi tí wọ́n wà. Èèyàn 304 kú. Kéèyàn sọ pé "ẹ jókòó" láìsọ ìgbà tí ìjókòó máa tán, mi ò rí àṣìṣe tó burú jù ú lọ.

Pé kí èrò má wọ lífìtì, kó má sì gbé báàgì, gbogbo ayé ti mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì aláfẹ́fẹ́ tó ń mú èèyàn léfòó: bí èrò bá fẹ́ ẹ nínú yàrá tí omi wọlé, á gbé e mọ́ àjà, kò ní lè wẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde.

Mo bi àbúrò mi pé, "Nínú gbogbo ọfà yìí, èwo ni màmá tó ń wá ọmọ-ọmọ rẹ̀?"

Ó wo ìwé náà títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú pẹ́ńsù."