Ẹ Wo Afẹ́fẹ́ Ibi Tí Ẹ Wà Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tó Ń Fi Í Ṣe Iná
Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀

Afẹ́fẹ́ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ tó wà lórí òpó. Abẹ̀bẹ̀ yìí ń yí òòfà níwájú wáyà bàbà tí wọ́n ká jọ, bí òòfà sì ṣe ń kọjá ni iná ń jáde nínú wáyà. Michael Faraday ló ṣàwárí èyí ní 1831, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń bu epo sí nílé. Iná afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan, ìdí nìyí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú bátìrì kí inverter tó gbé e fún fáànù àti tẹlifísàn.

Eré afẹ́fẹ́ ni kí ẹ mójú tó jù. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ mú ẹ̀rọ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2 láti etí dé etí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè mú nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 120 wá, ìyẹn fáànù méjì. Bí ó bá bọ́ sí mítà 3, wọ́ọ̀tì 15 ló kù, gílóòbù kan tàbí méjì. Tó bá tún rọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í mú iná wá rárá. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára páálí, afẹ́fẹ́ mítà 11 tàbí 12 ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí ìjì bá ṣáájú òjò la máa ń rí irú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ lọ.

Kí ẹ má bàa náwó lásán, ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí ọ̀pá oparun gígùn, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò. Bí ewé igi bá kàn ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí aṣọ náà sì rọ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá ń mì láìdáwọ́ dúró, tí aṣọ nà gbọọrọ, ó ti kọjá mítà 3. Bí aṣọ bá ń lọ́ síbí lọ́ sọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń dàrú, yóò sì ba abẹ̀bẹ̀ jẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láàárín òrùlé páànù tó fún mọ́ra ní ẹ̀bá Olúmọ. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ náà sórí òrùlé, ògiri ni yóò máa gbọ̀n. Oko gbalasa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá tàbí Alábàtà sàn jù, bí òpó bá fi bíi mítà 10 ga ju igi tàbí ilé tó wà nítòsí lọ. Owó òpó bẹ́ẹ̀ kò kéré o.

Ní tèmi, sólà ni kí ọ̀pọ̀ ilé l'Abẹ́òkúta kọ́kọ́ náwó lé. Afẹ́fẹ́ òkè Ọya lágbára ju tiwa lọ, ibẹ̀ sì ni ìjọba gbé ẹ̀rọ ńláńlá sí, ní Lambar Rimi, ìpínlẹ̀ Katsina. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, kó ní kí òǹtajà fi iye iná tí ẹ̀rọ náà ń mú wá hàn án, bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 3, 4 àti 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá rí i fi hàn, kó má sanwó.