Bí a ṣe ń ṣe bàálù kékeré aláìnírù tí kò lo ẹ́ńjìnì

Irú èyí tí Walter àti Reimar Horten gbé fò ní Jámánì lọ́dún 1933 kò ní ìrù. Apá nìkan ni. Láti ṣe kékeré rẹ̀, gé apá méjì lára fóòmù tó nípọn tó mìlímítà 5. Apá kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ìdí rẹ̀, níbi tí apá méjèèjì yóò ti pàdé, fẹ̀ ní 15, ṣóńṣó rẹ̀ ní 9. Kí iwájú ṣóńṣó fi sẹ̀ǹtímítà 15 wà lẹ́yìn imú, ìyẹn iwájú ibi tí apá méjèèjì ti pàdé. Lẹ̀ wọ́n pọ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ fóòmù, kí ṣóńṣó ga díẹ̀ ju àárín lọ.

Ìwúwo ni iṣẹ́ gan-an. Máa lẹ irin kéékèèké mọ́ imú títí bàálù yóò fi dúró gbọọrọ lórí ìka méjì, ní sẹ̀ǹtímítà 8.8 sẹ́yìn imú. Lẹ́yìn náà, tẹ etí ẹ̀yìn ṣóńṣó méjèèjì sókè ní mìlímítà 3. Bí kò bá sí èyí, imú á forí sọlẹ̀, torí kò sí ìrù tí yóò gbé e ró.

Tì í síwájú láti èjìká. Má jù ú sókè. Bó bá gbé imú, tó dúró, tó já lulẹ̀, fi irin kún un. Bó bá ń rì tààrà, tẹ etí náà sókè sí i. Bó bá ń yà, ẹ̀gbẹ́ tó ń yà sí ni etí rẹ̀ ga jù.