Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín sílẹ̀ ní gàráàjì

Bí ẹ bá tẹ̀lé àwọn ọkọ̀ kan lẹ́yìn lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu, ẹ ó rí i pé orí ọkọ̀ kọjú síbì kan, ìdí rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹni tó ń wà á kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé sítíárì kì í dúró gún mọ́, táyà sì ń tètè jẹ lápá kan. Ó ti ṣe paralelísìmù, ìyẹn títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kí wọ́n lè kọjú síbi kan náà, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní aláínmẹ́ǹtì, bóyá lẹ́ẹ̀mejì pàápàá. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni wọ́n ṣe fún un.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ẹsẹ̀ iwájú la fi ń yí ọkọ̀, àmọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kọjú sí ni ọkọ̀ ń fẹ́ lọ. Bí ẹ̀yìn bá yà, awakọ̀ á máa di sítíárì mú ní wíwọ́ kí ọkọ̀ tó lè lọ tààrà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ wọn ẹ̀yìn, tí wọ́n ń kọ́kọ́ tún un ṣe, kí wọ́n tó bọ́ síwájú. Ọ̀gá tó bá sọ fún yín pé a kì í wọn ẹ̀yìn, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Táyà tó bá fi dígíríì 1 péré yà, ọ̀nà á máa fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún bíi mítà 17 nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó ti Àjàṣẹ́ dé Kétu, fífá yẹn ti lé ní kìlómítà kan. Ojú táyà á wá rí bí eyín ayùn, á máa hó, wọn á sì ní bíárìn, irin róbótó tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé, ló ti bàjẹ́. Ẹ má pààrọ̀ bíárìn kí ẹ tó fọwọ́ pa táyà ẹ̀yìn wò.

Ẹ ṣọ́ okùn tí àwọn kan fi ń wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Okùn fúnra rẹ̀ kò burú, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò lè fi ṣe iṣẹ́ tó péye. Èyí tó burú ni kí wọ́n na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, kí wọ́n wá fa iwájú títí yóò fi bá a mu. Ẹ̀yìn ni wọ́n sọ di ẹlẹ́rìí yẹn, ta ló sì bi í bóyá òun gan-an gún? Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àlàfo àárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kò tilẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. Okùn méjì ni kí wọ́n nà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ ọ̀kan náà níwájú àti lẹ́yìn. Kí àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún jìnnà sí okùn tirẹ̀ bí ti òsì ṣe jìnnà sí tirẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ìgbà náà ni kí wọ́n fi rúlà wọn etí rímù méjèèjì sí okùn.

Ẹ má ṣe paralelísìmù lórí rọ́bà silentbloc, èyí tó wà níbi tí apá irin ẹsẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀, bó bá ti ya, owó gbé ni. Tí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má gbà kí ọmọ iṣẹ́ fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Bí ọkọ̀ bá délẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì tètè ya. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ dúró kí wọ́n tó fún un gírígírí. Ẹ kó ẹrù kúrò nínú bọ́ọ̀tù, ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n rẹ̀.

Ọkọ̀ tó gba èbúté Kùtọnú wọlé lè ti ní ìjàǹbá rí níbi tó ti wá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti yà. Camry àwọn ọdún 1990 ní ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀yìn ṣe. Ọ̀pọ̀ Corolla tó jáde láàárín nǹkan bí 2002 sí 2018 kò ní, irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Tí irin yẹn bá tẹ̀, àwọn kan á pe ajórin kó fi iná yọ́ ọ, kó fà á tọ́. Ẹ̀rù ń bà mí fún ẹni tó bá wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí iná ń sọ irin di aláìlágbára. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lórí Hilux, ẹ wo ìṣó àárín sípíríìǹgì. Tó bá kán, gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn á sún. Ẹ wọn láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé ti ẹ̀yìn lápá méjèèjì, kò yẹ kó yàtọ̀. (Renault 4 àtijọ́ ni kí ẹ má bínú sí: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, apá kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 gùn ju èkejì lọ.)

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé ìwọ̀n ti ìṣáájú àti ti ìgbẹ̀yìn, kí ẹ ka ìlà ti ẹ̀yìn níbẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ọ̀gá jókòó tì yín. Bí sítíárì kò bá dúró gún, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an.