Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọmọ láti bọlá fún panápaná, ọlọ́pàá àtàwọn míì tó kú sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára àwọn tó ṣì wà láyé ná, torí ọmọ tí ò mọ iṣẹ́ tí panápaná ń ṣe, kò lè mọ ohun tá a pàdánù tí ọ̀kan nínú wọn bá kú. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá ní Post Office n'Ílọrin tẹ́ ẹ gbọ́ tí ọkọ̀ wọn ń pariwo bọ̀, ẹ yà fún wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún ọmọ pé ibi táwọn èèyàn ti ń sá jáde làwọn yẹn ń sáré wọ̀. Ẹ dárúkọ ọlọ́pàá, róòdù séfutì àti nọ́ọ̀sì náà. Ẹ dákun, òbí tó ń bú panápaná, tó ń sọ wọ́n lókò pé wọ́n pẹ́ dé, kò sí bó ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ẹ̀ pé kó bọ̀wọ̀ fún òkú wọn. Ẹ jẹ́ kọ́mọ mọ nọ́ńbà 112, kó sì mọ̀ pé wọn kì í fi ṣeré.

Tó bá kan ọ̀rọ̀ ikú, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má ní "ó rìnrìn àjò" tàbí "ó ń sùn", ọmọ kékeré á máa retí ẹ̀ ni, òmíì ò sì ní fẹ́ sùn mọ́ lálẹ́. "Ó kú níbi tó ti ń gba èèyàn là" ti tó ọmọ ọdún 5. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ lè sọ ti Ọ̀fà fún un, April 5, 2018, táwọn adigunjalè ya wọ báǹkì tí wọ́n sì kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, táwọn ọlọ́pàá sì wà lára àwọn tó kú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó wo fídíò ẹ̀ o. Tó bá jẹ́ ọmọ tó tètè máa ń bẹ̀rù, ẹ sọ ti Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ò jẹ́ kí aláìsàn Ebola kúrò ní ọsibítù l'Ékòó lọ́dún 2014, tí òun náà wá kó o, tó sì kú ní August 19.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ wo ayẹyẹ January 15 lórí tẹlifíṣàn. Ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun ni, torí January 15, 1970 logun abẹ́lé parí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọmọ á ti rí fèrè, òdòdó, ẹyẹlé tí wọ́n ń tú sílẹ̀, àti bí gbogbo èèyàn ṣe ń dákẹ́. May 4 ni ti panápaná káàkiri ayé, wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí iná igbó pa panápaná 5 ní Linton, l'Ọsirélíà, ní December 1998. Rìbọ́ǹnù pupa àti búlúù ni wọ́n máa ń lò lọ́jọ́ yẹn, pupa dúró fún iná, búlúù fún omi, ọmọ lè so ó mọ́ àyà.

Èyí tó ká mi lára jù ni tilé wa níbí. Ẹ mú ọmọ dání lọ síbi fidáù ọjọ́ kẹjọ, tàbí ìsìn ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó bá wọn pín omi àti sàráà, kó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Ọlọ́run á forí jì wọ́n, á tu ẹ̀yin náà nínú". Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ lèrò máa ń tán nílé olóòkú, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ padà lọ. Ẹ fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wọn, kí ọmọ yín pe ọmọ olóògbé wá ṣeré, kó má sì máa bi í ní ìbéèrè nípa bí bàbá ẹ̀ ṣe kú.

Tó bá fẹ́ ya àwòrán tàbí kọ lẹ́tà sí àgọ́ panápaná tó wà nítòsí yín, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí orúkọ olóògbé má sí níbẹ̀ àfi tí ẹbí ẹ̀ bá gbà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n ń sáré jáde lọ síbi iná, ẹ kúrò lọ́nà fún wọn, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ míì.