Bí mo ṣe tọpa DPA nínú sípọ́ọ̀ bakitéríà, látìgbà tó ń wọlé títí tó fi tú jáde

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe é. Àwọn èèyàn máa ń rò pé èèpo líle ni kì í jẹ́ kí omi gbígbóná pa sípọ́ọ̀, ìyẹn bakitéríà tó fi èèpo bora tó sì sùn, àmọ́ inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà jù, torí omi inú sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà máa ń tó ìdá 80 nínú 100, ti àárín sípọ́ọ̀ lè má ju 25 sí 50 lọ. DPA, ìyẹn dipicolinic acid, tó so mọ́ kálísíọ́mù, ló gba àyè omi yẹn, òun nìkan lè tó ìdá 5 sí 15 nínú ìwúwo sípọ́ọ̀ tó gbẹ. Kì í ṣe kékeré o.

Bacillus subtilis ni mo lò. Mo gbìn ín sínú DSM, omi oúnjẹ tí wọ́n fi ń sún bakitéríà di sípọ́ọ̀, ní 37°C, mo ń mì ín, mi ò sì fi oúnjẹ kún un torí ebi ló ń sún wọn di sípọ́ọ̀. Mo ń bu díẹ̀díẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikópù phase contrast, ọmọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn sípọ́ọ̀ tó ń dàgbà nínú ìyá ẹ̀, kọ́kọ́ dúdú, nígbà tó yá ó ń tàn yòò, ìyẹn ni pé omi ti ń jáde nínú ẹ̀ tí DPA sì ń wọlé. Ìyá sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe DPA yẹn, ọmọ kàn ń gbà á láti ẹnu ọ̀nà tí àwọn prótíìnì SpoVA ṣe ni.

Mo fi omi tútù fọ̀ wọ́n léraléra kí pàǹtírí sẹ́ẹ̀lì lè kúrò, mo wá bọ díẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí gbogbo DPA lè tú jáde, kí n lè mọ àpapọ̀ ẹ̀. Terbium, irú mẹ́táàlì kan, ló ń fi hàn: tó bá ti pàdé DPA, tẹ́ ẹ sì tan iná 270 nm sí i, á mọ́lẹ̀ ní 545 nm. Ẹ má fi buffer fọ́sífétì (buffer ni omi tó ń mú pH dúró) ṣe é o, á ba terbium jẹ́, buffer HEPES ni mo lò.

Ibi tí sípọ́ọ̀ ti ń jí pa dà di sẹ́ẹ̀lì ló dùn jù. Mo gbé wọn sí 70°C fún ìdajì wákàtí kí wọ́n lè múra àtijí, mo jẹ́ kí wọ́n tutù, mo wá da L-alanine 10 mM, amino acid tó ń jí wọn, sí i. Ìmọ́lẹ̀ terbium ń gòkè, OD600, ìyẹn bí omi náà ṣe rú tó, ń já wálẹ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹni tí ò mọ̀ á sọ pé DPA ń rọra jò lára sípọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Rárá o! Ṣe ni wọn ò jí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ará ilé kan ṣe máa ń jí tí òmíì ṣì ń hanrun, àmọ́ èyí tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń tú gbogbo ẹ̀ dànù. Kí DPA tó jáde, potásíọ́mù àti háídírójìn ti ṣíwájú, pH inú ẹ̀ á kúrò ní nǹkan bíi 6.5 lọ sí 7.7, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ́ńsáìmù CwlJ àti SleB á wó cortex, ìyẹn ògiri inú sípọ́ọ̀, omi á wá ya wọlé. Títí dé ibẹ̀ kò tíì nílò ATP, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń lò, kankan, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ́ńsáìmù GPR máa ń gé àwọn prótíìnì SASP tó bo DNA, tí amino acid inú wọn á di oúnjẹ.

Mo fi D-alanine, tó jọ L-alanine bí ẹni wo dígí àmọ́ tó ń dí jíjí lọ́wọ́, sínú tube kan pẹ̀lú L-alanine. Ìyẹn ò mira rárá, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dúró sójú kan, àfìgbà tí mo bọ̀ ọ́ tí DPA tú jáde, tó sì bá àpapọ̀ ti àkọ́kọ́ mu.